Má tíì ra hítà oníná fún Ìjàpá rẹ

Àbúrò, o ní Ìjàpá (Volkswagen Beetle) 1970 rẹ ní Birmingham kò gbóná rárá, pé yìnyín ń dì sí gíláàsì iwájú láti inú, o wá ń béèrè bóyá kí o ra hítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò sìgá. Má rà á. Mo ti rà á rí. Ohun tó ń fẹ́ jáde níbẹ̀ kò ju èémí ewúrẹ́ lọ. Ihò sìgá yẹn kò lè gbé ju nǹkan bíi 150 wáàtì lọ, bẹ́ẹ̀ kẹ́tùlù oníná tí o fi ń se omi tíì nílé ń jẹ tó 3,000. Kí ni 150 fẹ́ ṣe nínú mọ́tò tí atẹ́gùn ń gba gbogbo ara rẹ̀ wọlé?

Ìjàpá 1300 ti ọdún 1971 ni tèmi, ìgbà òtútù méje la sì ti jọ là kọjá ní Leeds. Àwọn tó ṣe é ní Jámánì ò gbàgbé ooru o, àwa tó ń gbà á lọ́wọ́ ara wa la bà á jẹ́. Ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn yìí ò ní omi, ò ní rèdíétọ̀. Fáànù tó ń bá dáínámò yí ló ń fẹ́ ẹ. Díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ fáànù náà ń gba túùbù méjì lọ sínú heat exchanger, àwọn àpótí irin tó wé mọ́ páìpù èéfín lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ló ti ń gbóná, kó tó wá gba inú irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, lábẹ́ ilẹ̀kùn, rìn dé ẹsẹ̀ rẹ àti gíláàsì. Ọ̀nà jìn. Bí ihò bá wà lójú ọ̀nà yẹn, agbọ̀n lo fi ń pọnmi.

Wọ abẹ́ rẹ̀ kí o lọ wo túùbù tó so àpótí náà mọ́ ara ọkọ̀. Nígbà tí mo wo tèmi, ẹni tó ni mọ́tò tẹ́lẹ̀ ti fi náílọ́ọ̀nù wé ti òsì, ó fi wáyà so ó. Mo kàn fọwọ́ kàn án, ó rún wómúwómú sójú mi. Abẹ́ ọkọ̀ ni gbogbo ooru apá yẹn ń jáde sí.

Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ẹnì kan máa fa ọ̀pá tó wà lọ́tùn-ún háńdìbíréèkì, kí ìwọ máa wo ìdérí kékeré tó wà lára àpótí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi ló ń fà á, èmi ń pariwo "gbé e sókè!" lábẹ́ mọ́tò. Ti ọ̀tún ṣí, ti òsì ò mira, ìpẹtà ti dè é pa. Alẹ́ méjì ni mo fi rọ epo sí i kó tó gbà. Ọ̀pá kejì, ihò ẹ̀yìn ló ń ṣí. Pa á dé, kí ooru lè lọ síwájú.

Tọ́mọ́sítáàtì ńkọ́? Nílé, bí mẹkáníìkì bá ti fojú kàn án, yíyọ ló kù. Nínú òtútù ibí, ẹ má yọ ọ́. Abẹ́ sìlíńdà apá ọ̀tún ló wà, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tútù rọ́ lu ẹ́ńjìnì títí yóò fi gbóná tó 65 sí 70°C. Láìsí i, o lè dé ibi iṣẹ́ kí ẹ́ńjìnì tó mọ̀ pé o ti tan òun.

Ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Mo ti so fáànù 12V tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ ojú omi mọ́ túùbù, ooru sì dé lóòótọ́. À ń bọ̀ láti ibi ìsọmọlórúkọ ní Manchester, lórí òpópónà M62, ìyàwó mi ní orí ń fọ́ òun. Ọmọ ti sùn lọ fọnfọn. Mo ní àárẹ̀ òde ni. Ojú tèmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ni mo bá yọ fèrèsé sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo ra alárùmù carbon monoxide, gáàsì inú èéfín tó ń pani, mo gbé e sórí síìtì, mo tan ẹ́ńjìnì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi figbe ta. Ihò kan wà lára páìpù inú heat exchanger òsì, kò ju kóró ẹ̀pà lọ, èéfín ẹ́ńjìnì ń gbabẹ̀ wọlé tọ̀ wá, fáànù mi sì ń bá a tì í. Gáàsì yẹn ò ní òórùn, ò ní àwọ̀. Bẹ́ẹ̀, mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò fún mi ní kò sí nǹkan kan. Mọ́tò tó ti lé ní ogójì ọdún kì í sábà nílò MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, mọ́ ní Britain, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò bí ìwọ ò bá ṣe é.

Bí o bá máa pààrọ̀ heat exchanger, gbé e lọ́wọ́ kí o tó sanwó. Ọ̀pọ̀ tuntun olówó pọ́ọ́kú ló fúyẹ́ bí páànù, kò sí abẹ́bẹ́ alumíníọ̀mù tó ń gba ooru nínú wọn. Ti àtijọ́ tó wúwo, tí kò tíì lu, mo fẹ́ràn rẹ̀ jù wọ́n lọ.

Fáànù ń bá eré ẹ́ńjìnì lọ ni, torí náà nínú gósílóò, ooru á lọ sílẹ̀. Bí mo bá ń gun òkè, jíà kẹta ni mo ń lò. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo ṣì ń wọ̀ o, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ra alárùmù yẹn lónìí, kí o sì ya fọ́tò túùbù méjèèjì wá. Ti òsì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí.