Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ méjì ha tó fi kọ app tó ń gba data trial oògùn?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Programmer ni mí, Abẹ́òkúta níbí ni mo wà. Àwọn dókítà kan ní kí n ṣe app táwọn nọ́ọ̀sì á máa fi gba data trial oògùn ibà fáwọn ọmọdé, nígboro àti láwọn abúlé Ọ̀dẹ̀dá tí network ò ti dáa. Mo ti ní ọ̀sẹ̀ méjì tó mi, ṣebí fọ́ọ̀mù lásán ni. Kí ló yẹ kí n ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn: Àbúrò, fọ́ọ̀mù yẹn ló rọrùn jù nínú ẹ̀. Ṣó o ti wo bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe é lórí bébà? Tó bá ṣèèṣì kọ 32.7 dípò 37.2, kò gbọdọ̀ fi típẹ́ẹ̀sì bò ó, ìlà kan ṣoṣo ló máa fà lé e, kéèyàn ṣì lè ka ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, á wá kọ èyí tó tọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á sáìn, á kọ déètì. Bí app tìẹ náà ṣe gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn. Audit trail là ń pè é: ta ló yí i padà, ìgbà wo, kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló dé. Tébù inú database tó ń gba ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má láṣẹ àti pa nǹkan rẹ́ nínú ẹ̀, títí kan ìwọ tó o kọ ọ́. Òfin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní 21 CFR Part 11, tó jáde ní 1997, béèrè fún un. Níbí, NAFDAC ló ń fọwọ́ sí trial oògùn.

Ti network, orí foonù ni kó o kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀ sí, kó o encrypt ẹ̀ kẹ́lòmíì má bàa lè kà á. Má jẹ́ kí foonù máa ka nọ́ńbà fọ́ọ̀mù ní 1, 2, 3 o, torí foonù méjì tí ò rí network máa bí nọ́ńbà 45 méjì fún ẹ. UUID ni kó o lò, ìyẹn nọ́ńbà gígùn kan tí ò ní bá tẹlòmíì mu, kí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba gbogbo fọ́ọ̀mù jọ, náà mọ̀ ọ́n, tí foonù bá fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta torí network ń já, ẹ̀ẹ̀kan ni kó kà á sí. Aago foonù ń parọ́ náà, nítorí náà tọ́jú aago foonù àti ti server pa pọ̀.

Wá gbọ́ ti ọjọ́ ìbí. Ìyá àgbà ló gbé ọmọ wá, nọ́ọ̀sì bi í ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó ní ìgbà tí iṣu tuntun ń jáde ni. App ò gbà á kó kọjá láìkọ ọjọ́ àti oṣù, ilẹ̀ ti ń ṣú, kí lo rò pé nọ́ọ̀sì máa ṣe? January 1 ló máa tẹ̀. Mo ti rí database kan tí àwọn ọmọ January 1 pọ̀ nínú ẹ̀ bíi yangan! Fàyè sílẹ̀ fún ọdún nìkan, àti “kò mọ̀ ọ́n”. Bákan náà ni nọ́ńbà tó bá ṣàjèjì, bi í pé ṣó dá a lójú, ṣùgbọ́n má tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ara ọmọ tí ibà ń ṣe lè gbóná dé 41 lóòótọ́.

Orúkọ ọmọ kò gbọdọ̀ wọ inú data, nọ́ńbà ni. Oògùn tí wọ́n fún un náà, tó bá jẹ́ trial tí wọn ò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ oògùn tọ́mọ gbà, má kàn fi pamọ́ lórí screen kó ṣì wà nínú JSON, ìyẹn data tí server ń fi ránṣẹ́ sí foonù.

Tèmi ni, mi ò ní kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ jàre. REDCap wà, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún gbígba data ìwádìí, Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà ló ṣe é ní 2004, ó ní app tó ń ṣiṣẹ́ láìsí network, bi àwọn dókítà yẹn bóyá ilé iṣẹ́ wọn ti ní in. Èyí tó wù kó o lò, gbé foonù mẹ́ta lọ sí Láfẹ́nwá, pa network wọn, kọ fọ́ọ̀mù mẹ́wàá mẹ́wàá sí i, pa foonù kan nígbà tó o ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́, kó o wá tan network, kó o ka iye tó dé server.