Ṣé kí n ra máìlì torí èènì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland lèmi àti ìyàwó mi ń gbé. Màmá wa máa pé ọgọ́rin ọdún nínú oṣù Kejìlá, Ìjẹ̀bú-Òde la ti máa ṣe é. United, ilé iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà, wá fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi pé tí mo bá ra máìlì (pọ́íǹtì tí èèyàn lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì bàálù) kí ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ìlọ́po méjì ni wọ́n máa fún mi. Tí mo bá ra 50,000, á di 100,000. $35 ni ẹgbẹ̀rún kan, owó orí ò tíì wọ̀ ọ́. 61,000 wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, 27,000 wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi. Mo wo tíkẹ́ẹ̀tì láti Dulles, pápákọ̀ òfurufú ẹ̀gbẹ́ Washington, sí Èkó, àlọ àti àbọ̀: $1,950 lórí ẹnì kan, tàbí 120,000 máìlì pẹ̀lú $150. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Màmá á pẹ́ fún wa. Ẹ má ra 50,000 yẹn. Ẹ lè ra díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kàn.

50,000 ní $35 lórí ẹgbẹ̀rún kan, $1,750 nìyẹn. Owó orí 7.5% tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà lórí máìlì tí èèyàn bá rà máa sọ ọ́ di $1,881.25. Ẹ pín in sí 100,000, ẹ máa rí i pé sẹ́ǹtì 1.88 ni máìlì kan, tèènì tèènì. Ó yá, kí ló máa rà fún yín? Ẹ yọ $150 kúrò nínú $1,950, ó ku $1,800. Ẹ pín ìyẹn sí 120,000: sẹ́ǹtì 1.5 péré. Ẹ ń ra ọjà ní 1.88, ẹ wá ń ná an ní 1.5. Tó bá jẹ́ máìlì tí ẹ rà nìkan lẹ fẹ́ fi gba tíkẹ́ẹ̀tì kan, $2,257.50 ni 120,000 máa jẹ, ẹ ó tún fi $150 lé e. Tíkẹ́ẹ̀tì $1,950 ti di $2,407.50 nìyẹn o, pẹ̀lú èènì!

Ẹ̀yin náà mọ ọjà Òkè-Ajé. Tí ìyá onígààrí bá ń bu èènì lé gààrí, ẹni tó mọ ọjà á ti kọ́kọ́ wo ìdí kọ́ńgò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Kọ́ńgò ti United kò dúró sójú kan. Láti ọdún 2019 ni wọn ò ti kọ iye máìlì tí ìjókòó kan máa gbà síta mọ́. Bí owó tíkẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń lọ sókè ni tirẹ̀ náà ń gùn ún, oṣù Kejìlá tí gbogbo wa ń sáré wálé ló sì máa ń le jù. Èmi fúnra mi ti jìn sí i rí, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù mìíràn. Èènì wọ̀ mí lójú, mo rà á, mo ní tó bá yá n ó wá ìjókòó. Ìgbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, iye tí wọ́n ń gbà ti fò sókè. Ẹni tó bá sì ra máìlì, owó ti lọ nìyẹn, wọn kì í dá a padà.

Ohun tí mo máa ṣe ká ní èmi ni yín rèé. Láti 2024 ni United ti ń jẹ́ kí ẹbí kó máìlì wọn pọ̀ sójú kan lọ́fẹ̀ẹ́, títí dé èèyàn márùn-ún. Ẹ da tiyín àti ti ìyàwó pọ̀, ó di 88,000, ẹ sì lè ná an lórí bàálù Dulles sí Èkó yẹn. Ó ku 32,000. Tí ẹ bá ní káàdì báńkì Chase bíi Sapphire Preferred tó ń kó pọ́íǹtì, ẹ lè dà á sí United, ọ̀kan fún ọ̀kan, ẹ ò ní ra nǹkan kan. Tí ẹ ò bá ní, ẹ ra 16,000, kí èènì sọ ọ́ di 32,000. $602 nìyẹn, pẹ̀lú $150, $752. Ẹ ti gba $1,198 sílẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Tí ẹ bá pín in sí 88,000 tó ti wà nílẹ̀, sẹ́ǹtì 1.36 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú wá. Kò burú rárá. Máìlì United kì í kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń dínkù, nítorí náà n kò rí ìdí tí ẹ ó fi tọ́jú rẹ̀.

Ẹ ka lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ ímeèlì yẹn kí ẹ tó sanwó o. Ìlọ́po méjì lè jẹ́ ti ẹni tó ra púpọ̀ nìkan. Tí èènì ẹni tó ra 16,000 bá kéré, ẹ ṣírò rẹ̀ lákọ̀tun.

Tíkẹ́ẹ̀tì ìyàwó ńkọ́? Ẹ fowó ra tiwọn. Wọ́n lè rí máìlì gbà lórí rẹ̀, èyí tí ẹ fi máìlì gbà kò ní mú kankan wá.

Ẹnìkan lè sọ fún yín pé kí ẹ ra púpọ̀, kí ẹ fi jókòó síwájú ní bísínẹ́ẹ̀sì, pé tíkẹ́ẹ̀tì $6,000 lẹ máa fi gbà. Ṣé ẹ máa yọ $6,000 tẹ́lẹ̀? Tí ẹ ò bá ní yọ ọ́, ẹ má fi ṣe òṣùwọ̀n. Iye tí ẹ̀ bá san gan-an ni kí ẹ fi wé e.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ṣí ojú ewé tíkẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ kọ́kọ́, kí ẹ rí i pé ìjókòó ṣì wà ní 120,000, lálọ àti lábọ̀, nínú bàálù kan náà pẹ̀lú ìyàwó. Máìlì tí èèyàn rà lè pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé, ìjókòó ò sì ní dúró dè é. Tó bá ti di 150,000 kí ẹ tó débẹ̀, 31,000 lẹ máa rà, $1,166.38, ohun tí 88,000 yín máa mú wá á já sí sẹ́ǹtì 0.72 lórí máìlì kan. Níbẹ̀ yẹn, ẹ pa ímeèlì náà rẹ́, ẹ san owó tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì.