Èsì: Ṣé ẹ̀sìn ló dá ogun Kírìjì sílẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé ìjà ẹ̀sìn ni Kírìjì, ogun tí Ìbàdàn bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà. Rárá o, ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ ni, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn ń fi ṣọ́ ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìbàdàn, tí àwọn jagunjagun ń ṣàkóso, fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú wa ní Èkìtì. Àwọn àti ọmọ ẹ̀yìn wọn ń kó iṣu, wọ́n ń kó ewúrẹ́, ìyàwó onílé pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 1878, Fábùnmi ará Ọ̀kè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀, ni Èkìtìparapọ̀, àjọṣepọ̀ àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, bá dìde. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé, ọmọ Iléṣà, ló wá di olórí ogun.

Ẹ̀sìn wọ̀ ọ́ ṣá. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó, tí onígbàgbọ́ pọ̀ nínú wọn, ló fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. (Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á gbàdúrà àlàáfíà!) Àwọn àlùfáà ìjọ ló tún gbé iṣẹ́ àlàáfíà kiri, Samuel Johnson àti Charles Phillips, títí tọ̀tún-tòsì fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886.

Síbẹ̀, àgọ́ ogun ò tú títí di 1893. Àgọ́ ti di ìlú: wọ́n kọ́lé, wọ́n ná ọjà, wọ́n bímọ síbẹ̀.