Ìbéèrè Yín: Ṣé Mao Nìkan Ló Mú Ìyípadà Dé Ṣáínà?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa nídìí àtẹ ìwé ìròyìn kan ní Òyìngbò. Ẹ̀gbọ́n kan ní Mao Zedong nìkan ló kó èrò ìyípadà tegbòtigaga wọ Ṣáínà ní 1949, pé kò sí ẹni tó dán an wò ṣáájú rẹ̀. Ohun tí kò yé èmi ni bí ẹ̀kọ́ Karl Marx, tí a gbọ́ pé ti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni, ṣe di ti àgbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa là á. — Òǹkàwé yín, Ẹbúté Mẹ́ta.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Òótọ́ ni pé Mao ló kéde ìjọba tuntun ní Beijing ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1949, ṣùgbọ́n ohun tó bí ọjọ́ náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Láàárín 1839 sí 1842, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Ṣáínà nítorí òwò òpíọ̀mù, wọ́n sì gba Hong Kong. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá 1851, tí ọkọ̀ ogun wọn rọ̀jò ọta lu Èkó tiwa yìí, nítorí náà irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ará Ìsàlẹ̀ Èkó.

Inú ìrẹ̀sílẹ̀ yẹn ni ọ̀tẹ̀ Taiping ti hù. Hong Xiuquan, ẹni tó ti fìdí rẹmi léraléra nínú ìdánwò iṣẹ́ ọba, tó sì gbà pé àbúrò Jésù ni òun, kó àwọn aláìní jọ lòdì sí ìdílé ọba Qing. Ní 1853 wọ́n gba Nanjing, wọ́n sì ṣòfin pé kí a pín ilẹ̀ fún tọkùnrin tobìnrin. Òfin náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ṣẹ́gun wọn ní 1864, ẹ̀mí tó ṣòfò kò dín ní mílíọ̀nù 20 gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn ṣe fojú bù ú. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ni kí ẹ dì mú.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Wuchang ní oṣù Kẹwàá 1911, àwọn ọmọlẹ́yìn Sun Yat-sen, aṣáájú àwọn tó fẹ́ fòpin sí ìjọba ọba, sì ń retí ìjọba aráàlú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Puyi, ọba ọmọ ọdún mẹ́fà, kúrò lórí ìtẹ́ ní 1912, ọwọ́ àwọn ọ̀gágun ni agbára bọ́ sí.

Èyí tó wù mí jù láti sọ, nítorí pé Yorùbá ni a fi ń kọ̀wé níhìn-ín, ni ọ̀rọ̀ èdè. Èdè ìwé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ̀rọ̀ mọ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà fi ń kọ̀wé títí Hu Shi fi kọ ọ́ ní 1917, nínú ìwé ìròyìn tí Chen Duxiu dá sílẹ̀, pé èdè ẹnu ni kí wọ́n máa lò. Èrò kan náà ló wà nídìí ìwé ìròyìn Yorùbá bí Èkó Àkéte, tó jáde ní Èkó ní 1922: ẹni tí a fẹ́ kó dìde gbọ́dọ̀ lè ka ohun tí a kọ. Nítorí náà, ní ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún 1919, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí 3,000 wọ́de ní Beijing nítorí pé àdéhùn àlàáfíà Versailles, tó tẹ̀ lé Ogun Àgbáyé Kìíní, fi ẹ̀tọ́ Jámánì ní agbègbè Shandong ní Ṣáínà lé Japan lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ wọn yára dé etí àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́. Chen yìí kan náà ni olórí àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ Kọ́múnísì, ẹgbẹ́ tó ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Marx, tí a dá sílẹ̀ ní Shanghai ní 1921.

Ìbéèrè yín kejì nìyí. Òṣìṣẹ́ ìlú ni ẹgbẹ́ náà gbára lé ní ìbẹ̀rẹ̀, àfi ìgbà tí Chiang Kai-shek, ọ̀gágun ẹgbẹ́ Kuomintang tó ti bá wọn ṣe tẹ́lẹ̀, pa wọ́n nípakúpa ní Shanghai ní oṣù Kẹrin 1927. Mao ti kọ ìròyìn láti Hunan lọ́dún yẹn kan náà pé àwọn àgbẹ̀ ni agbára wà lọ́wọ́ wọn, nítorí àwọn ló pọ̀ jù, tí ìṣákọ́lẹ̀ àwọn onílẹ̀ sì ń pa kú lọ. Ẹgbẹ́ náà sá wọ ìgbèríko, ó ń pín ilẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Chiang lé wọn kúrò ní Jiangxi, ní gúúsù, ní 1934, àwọn bí 86,000 ló gbéra, bí 8,000 péré ló dé Shaanxi, ní àríwá, lẹ́yìn ọdún kan.

Ó dùn mí láti fi kún un pé ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ rí gbà ní àwọn ọdún 1950, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ náà gba ìjọba ní 1949, kò pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìjọba kó o pọ̀ sábẹ́ àjùmọ̀ni ní 1958, ìyàn tó tẹ̀ lé e sì pa ọ̀pọ̀ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn, tó jẹ́ pé ará oko ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní ìparí 1978, àwọn àgbẹ̀ 18 ní abúlé Xiaogang tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì tún pín oko náà fún ara wọn.