Ta ló ni abúlé, ta ló ń ṣàkóso rẹ̀? Bí a ṣe ń ṣèwádìí àyípadà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọmọ Ẹ̀pẹ́. Mo fẹ́ ṣèwádìí lórí bí àwọn abúlé wa ṣe ń yí padà látìgbà tí ẹ́sítéètì ti ń wọlé, ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ara wọn, àti ẹni tó ń ṣàkóso wọn gan-an: ọba ni àbí káńsù? Ọ̀gá mi ní kí n pín ìwé ìbéèrè 400. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ẹ má tíì tẹ ìwé ìbéèrè kankan. Irinwó ìwé lè sọ fún yín pé abúlé ń yí padà, èyí tí gbogbo wa ti mọ̀. Kò lè sọ ẹni tó ń yí i padà àti ẹni tí àyípadà náà ń lé kúrò. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, torí lórí ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ta lọmọ onílùú" àti "ta ló láṣẹ" ti ń pàdé. Ẹ mú abúlé méjì péré: ọ̀kan tí ẹ́sítéètì ti kàn lára, ọ̀kan tó ṣì ń jẹun nídìí oko àti ẹja.

Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ pinnu Ẹ̀pẹ́ tí ẹ ń sọ. Ẹ̀pẹ́ inú IBILE, ìyẹn ìpín márùn-ún tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ Èkó sí, kó Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí mọ́ra. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìlú Ẹ̀pẹ́ tún wà lọ́tọ̀. Ní 2003 ni ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 di 57, tí Erédò àti Ìkòsì-Ejìnrìn fi di LCDA (káńsù ìdàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀) tiwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé iṣẹ́ ò tíì parí lórí wọn àyàfi tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni Àbújá rí, ṣùgbọ́n ará Erédò mọ alága tirẹ̀. Iye ènìyàn náà ò bára mu: ìkànìyàn àpapọ̀ ti 2006 ní 181,409 ló wà ní Ẹ̀pẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ ní 323,634. Ẹ kọ méjèèjì, kẹ́ ẹ sọ ẹni tó kà á. Bẹ́ ẹ bá kọ ọ̀kan ṣoṣo, gbogbo ìdá ọgọ́rùn-ún tẹ́ ẹ bá ṣírò yóò wọ́.

Ní ti ìwé àtijọ́, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Ẹ̀pẹ́ wà kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 oṣù Karùn-ún 1967. Nítorí náà, inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ní National Archives, ni kẹ́ ẹ ti wá fáìlì ComCol, ìyẹn ti Kọmíṣọ́nnà òyìnbó tó ń bójú tó Kólónì Èkó, kẹ́ ẹ sì wo IjeProf, ti Ìjẹ̀bú Province, pẹ̀lú. Ẹ mú lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ dání. Nọ́ńbà fáìlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀sùn tí àwọn ìdílé kọ ránṣẹ́ sí òyìnbó lórí oyè pọ̀ níbẹ̀; ẹ kà wọ́n bí ẹni ń gbọ́ tẹnu agbẹjọ́rò, torí olúkúlùkù ló ń gbèjà ara rẹ̀.

Bákan náà ni ìtàn ìdásílẹ̀. Ìlú Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, ó ní Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyẹn àwọn èèyàn Ọba Kòsọ́kọ́, ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé kúrò l'Ékòó ní 1851. Kòsọ́kọ́ padà sílé ní 1862, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá a lọ, ọdún Káyọ̀káyọ̀ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn Iléyá ṣì ń rántí bí wọ́n ṣe dé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "àwa la kọ́kọ́ tẹ̀dó" kì í pa àlọ́. Ẹni tó yẹ kó fọwọ́ síwèé ilẹ̀ ló ń tọ́ka sí. Ẹ kọ ìtàn náà, ẹ kọ ìdílé tó sọ ọ́, ẹ kọ ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ lásìkò náà.

Ẹ fi lẹ́tà àti obì lọ rí Baálẹ̀ pẹ̀lú ẹnìkan tí wọ́n mọ̀, kí alága CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, náà gbọ́. Ẹ má lọ lọ́jọ́ ọjà tàbí lásìkò Jímọ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń bàjẹ́: ọmọkùnrin tí Baálẹ̀ bá fi tì yín lẹ́yìn á mú yín lọ sílé àwọn ìbátan rẹ̀ nìkan. Ẹ gba ẹni mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ wá àwọn yòókù fúnra yín: àwọn ìyá tó ń yan ẹja, àwọn Ìlàjẹ tó ń pẹja, àwọn tó yá ilẹ̀ dáko, mẹ́gáàdì ẹ́sítéètì, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Ẹni 25 sí 30 tó fún abúlé kan; bí ọ̀rọ̀ tuntun ò bá jáde mọ́, ẹ dúró. Ẹ fi ìjókòó ẹlẹ́ni mẹ́fà sí mẹ́jọ kún un, obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, torí ìyàwó ilé kì í sọ̀rọ̀ ilẹ̀ níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

Ẹ má fi ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọn á ní ajẹ́ntì tàbí sọfeyọ̀ ni yín. Iṣẹ́ oòjọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú. Àgbà tí kò bá mọ ọdún, ẹ bi í bóyá ó ṣẹlẹ̀ kí mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún, ìyẹn 1972. Kó tó di pé náírà dé ní 1973. Àbí ayé Jákàńdè, 1979 sí 1983.

Bó bá ti mọ́ yín lára tán, ẹ ní kẹ́nìkan fi ìwé ilẹ̀ kan hàn yín. Ẹ ka ìlà ìbuwọ́lù: olórí ẹbí, mọ́gàjí, ẹlẹ́rìí. Ṣé obìnrin wà níbẹ̀? Ṣé Baálẹ̀ fọwọ́ sí i? Ẹ béèrè owó tí wọ́n gbà lẹ́yìn rẹ̀, owó fandéṣọ̀n, owó dẹ́kìn (èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé), àti ẹni tó gbà á. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2016 lòdì sí i, nítorí náà ẹ má ṣe ya fọ́tò, ẹ má sì kọ orúkọ. Nínú abúlé kékeré, "ìyálọ́jà" lásán ti tó láti dá ènìyàn mọ̀. Ẹ pààrọ̀ oyè pẹ̀lú.

Ní ti ọba àbí káńsù, ẹ má bi wọ́n bẹ́ẹ̀, wọn á fún yín lésì tó bá ojú mu. Ẹ mú tíránsífọ́mà kan tàbí bóhòòlù kan: ta ló kọ lẹ́tà, ta ló kó owó jọ, ta ló bá wọn dé káńsù, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́? Ìwé ìpàdé CDA á jẹ́rìí sí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wo àwòrán àtẹ̀yìnwá lórí Google Earth láti mọ ọdún tí igbó di títì.

Ìgbà yìí ni kẹ́ ẹ tó wá kọ ìwé ìbéèrè, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu wọn. Ẹ ka ilé, ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ 120 ló jáde, ẹ gbé àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe yàn wọ́n lọ bá ọ̀gá yín. Yóò rọrùn fún un láti gbà á ju 400 tí ẹ pín láàárín ọjà lọ.