Kí ni àlejò lè wò, kí ló sì lè jẹ, ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kan?

Erédò Súngbọ́ ni kó kọ́kọ́ lọ wò láàárọ̀, kó sì jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́sàn-án.

Erédò jẹ́ yàrà àti odi amọ̀ tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 160, ibòmíì sì wà tó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá fojú rí i. Òkè-Ẹrí, nítòsí ìlú, ni oórì Bílíkísù Súngbọ́ wà, ẹni tí ìtàn sọ pé ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Obìnrin kì í wọ ojú oórì náà.

Ewùrà rírin ni wọ́n fi ń se ìkọ́kọrẹ́, pẹ̀lú ata, epo pupa àti ẹja. Tí wọ́n bá ti dà á sínú ìkòkò, wọn kì í tètè rò ó, kó lè dì ní kókókókó. Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Kí àlejò ra gàrí Ìjẹ̀bú dání lọ́jà: èyí tó kúnná, tó sì kan dáadáa, ni ojúlówó.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, tí àwọn ẹlẹ́ṣin àti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà, máa ń lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá fẹ́ wá lásìkò yẹn gbọ́dọ̀ ti wá ibùsùn sílẹ̀.