Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀ Ogun Kékeré: Ẹ Sọ Ọ́ Di Ìlọ́po 700

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn lórí títo àti kíkun ọkọ̀ ogun oníke tí à ń gbé ka orí tábìlì. Ẹni tó kọ èyí àkọ́kọ́ pè mí ní bàbá. Ìyá ni mí o, ṣùgbọ́n mi ò bínú. Ọ̀dà tó há sí èékánná mi kò kúkú mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Mo to ọkọ̀ Dreadnought oníwọ̀n 1/700, ìyẹn ìdá kan nínú 700 ọkọ̀ gidi, mo sì kùn ún. Àwọ̀ tí ìwé inú páálí sọ gan-an ni mo lò. Síbẹ̀, ohun ìṣeré ọmọdé ló jọ lójú mi. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

ÌDÁHÙN: Ìṣirò lẹ gbàgbé. Dreadnought tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tì sómi ní Portsmouth ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, ọdún 1906, gùn tó nǹkan bí 160 mítà. Èyí tó wà lórí tábìlì yín kò ju sẹ̀ǹtímítà 23 lọ. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi kan ọkọ̀ yẹn, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlọ́po 700 lọ́kàn yín. Ọ̀dà tó ki, tó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, sẹ̀ǹtímítà méje ni yóò jẹ́ lára ọkọ̀ gidi. Ta ló rí ọkọ̀ ogun tó wọ agbádá ọ̀dà báyẹn rí?

Mo mọ̀ ọ́n torí mo ti ṣe é. Mikasa ni mo kọ́kọ́ tò, ọkọ̀ tí ọ̀gágun Togo ti Jàpáánù wà nínú rẹ̀ nígbà ìjà orí òkun Tsushima láàárín Jàpáánù àti Rọ́ṣíà. Àwọn tó ṣe é ti fín ìlà sáàárín pákó ilẹ̀ ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dùn ún wò. Èmi wá bu ọ̀dà látinú agolo bó ṣe wà, mo fi bò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Pákó di sìmẹ́ǹtì. Gbogbo fèrèsé róbótó-róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ dí pátá. Ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, iwájú ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo gbé e sí, kí n lè máa rí i bí ìkánjú bá fẹ́ mú mi.

Ẹ pò ọ̀dà yín títí yóò fi máa ṣàn bíi wàrà. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó tún òmíràn lé e. Lẹ́ẹ̀kíní, inú yín ò ní dùn sí i, torí ike á ṣì máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ní sùúrù. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, á bò ó.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wá kù. Àwọ̀ inú agolo lè bá ti ọkọ̀ gidi mu rẹ́gí, kó sì dúdú jù lára ọkọ̀ kékeré. Ọkọ̀ gidi tí ojú wa rí bíi sẹ̀ǹtímítà 23, ọ̀nà jíjìn ló wà, afẹ́fẹ́ àárín wa sì ti pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́ díẹ̀. Èmi máa ń kán ọ̀dà funfun ẹyọ kan sínú ọ̀dà aláwọ̀ eérú ẹyọ márùn-ún. Kí ọ̀dà náà má sì dán rárá, dídán ló ń tú àṣírí ike. Lẹ́yìn náà, ẹ pò àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú di omi, ẹ jẹ́ kó ṣàn wọ kọ̀rọ̀ àti ìlà pákó, kí ẹ nu orí rẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ lọkọ̀ yín ti máa jí.

Ẹ wo òpó iwájú Dreadnought yín náà dáadáa. Ẹ̀yìn ọ̀pá èéfín ni wọ́n rì í mọ́. Àwọn tó wà lókè níbẹ̀ láti máa wo ibi tí ọta ìbọn balẹ̀, èéfín àti ooru ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tó ya irú àwòrán yẹn kò gun òkè òpó rí, mo fi dá yín lójú. Ẹ fi èérí dúdú díẹ̀ kan ibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ọkọ̀ Knyaz Suvorov ti Rọ́ṣíà ni mo ń tò, bó ṣe rí lọ́jọ́ Tsushima. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi àwọ̀ eérú kùn ún torí pé ogun ni. Nínú fọ́tò kan tí mo rí, ọ̀pá èéfín rẹ̀ ṣókùnkùn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbọ́ ti ọ̀rẹ́ yín, ẹ má sì gbọ́ ti fọ́tò. Dúdú ni ara ọkọ̀ náà, yẹ́lò ni ọ̀pá èéfín rẹ̀, ẹnu ọ̀pá náà nìkan ló dúdú. Bí ọ̀gágun Rozhestvensky ṣe kó àwọn ọkọ̀ Rọ́ṣíà wọ ojú ogun ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, ọdún 1905 nìyẹn. Àwọ̀ eérú ni àwọn Jàpáánù ti fi kun tiwọn. Kùrukùru bo ojú òkun lọ́jọ́ náà, ọ̀pá yẹ́lò sì ń sọ fún ayínbọn Jàpáánù pé èmi nìyí. Suvorov ò rí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́.

Fọ́tò ayé ìgbà yẹn kì í rí àwọ̀ bí ojú wa ṣe ń rí i. Pupa máa ń di dúdú, yẹ́lò máa ń ṣókùnkùn, búlúù á wá funfun bíi pé wọ́n fọ̀ ọ́. Ẹ máa fi fọ́tò wo ibi tí nǹkan wà, kì í ṣe àwọ̀ tó ní.

Ẹ má sì jẹ́ kó mọ́ jù. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1904 ni wọ́n ti kúrò ní òkun Baltic, oṣù méje ni wọ́n fi rìn, tí wọ́n ń kó èédú jọ síbi tí kò yẹ kí èédú wà. Ìpẹtà díẹ̀ lábẹ́ ihò ìdákọ̀ró, ẹ̀gbin èédú lórí pákó, ó tó. Mo máa ń rí àwọn tó ń da ìpẹtà lé ọkọ̀ bíi pé ọdún mẹ́wàá ló fi sùn sísàlẹ̀ òkun. Kò wù mí.

Bí eérú bá sì ti sú yín, ẹ wo ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú nǹkan bí ọdún 1903: ara dúdú, òkè funfun, ọ̀pá yẹ́lò. Tàbí ọkọ̀ ogun funfun 16 tí Amẹ́ríkà rán yí ayé ká láti 1907 sí 1909.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Ọkọ̀ onírésìn ni wọ́n fún mi, ọ̀dà ò dúró lára rẹ̀, ńṣe ló ń bó.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, wẹ̀ ẹ́. Epo tí wọ́n fi pa inú mọ́ọ̀dù tí wọ́n da résìn sí ló wà lára rẹ̀. Fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, kó gbẹ kí o tó kùn ún. Tí o bá sì fẹ́ fi sánpépà ha á, fi omi rẹ ẹ́, kí o fi nǹkan bo imú. Ìyẹ̀fun résìn kì í ṣe ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ́. Eléyìí kì í ṣe àwàdà o.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, òwú ìránṣọ tó tín-ín-rín jù tí mo ní ni mo fi ṣe okùn òpó ọkọ̀ mi. Ìyàwó mi ní ó dà bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ lé. Òótọ́ ló sọ. Kí ni kí n lò?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ojú rẹ̀ mú. Òwú tó nípọn tó ìdá méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 700: sẹ̀ǹtímítà 14. Ìtì igi nìyẹn, kì í ṣe okùn. Irun orí gan-an á tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún.

Ẹ má ra nǹkan kan. Férémù ike tí ẹ gé àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ kúrò lára rẹ̀, ṣé ẹ ò tíì dà á nù? Ẹ gé èyí tó gùn tó ìka, ẹ mú un lórí dání, ẹ mú un nídìí, kí ẹ máa yí i lókè iná àbẹ́là láìjẹ́ kó kan iná. Tí àárín rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dán tó sì rọ̀, ẹ gbé e kúrò lórí iná kí ẹ tó fà á. Bí ẹ bá yára fà á, á tín-ín-rín. Bí ẹ bá rọra, á ki. Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ kó fi tutù. Ẹ kó bébà kúrò nítòsí o. Igun ìwé ìtọ́sọ́nà Mikasa mi jóná, ojú ewé tó sì fi bí okùn ṣe lọ hàn ló mú.

Ẹ fi ẹ̀mú gbé e, ẹ fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kan súpà gúlù sí i lórí àti nídìí. Bó bá dẹ̀, ẹ ṣá ìṣáná, ẹ pa á, kí ẹ gbé orí rẹ̀ tó ṣì gbóná súnmọ́ okùn náà, á sún kì, á sì le. Ẹ má súnmọ́ ọn jù, á já. Láti àárín ọkọ̀ síta ni kí ẹ ti máa ṣe é, kí ọwọ́ yín má baà já èyí tí ẹ ti so. Ìgbà kẹta ni tèmi tó dúró.